Ọdún 22 pẹ̀lú ìjẹ ẹ̀tàn, àpótí mi wá ń fúyẹ́ sí i

Kòkánjú

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo da gbogbo ìjẹ ẹ̀tàn tí mo ní sílẹ̀, àwọn ìjẹ àtọwọ́dá tí a fi ń tan ẹja, mo kà wọ́n. Wọ́n jẹ́ 217. Mo jókòó tì wọ́n, mo ń bi ara mi pé mélòó nínú wọn ló ti mú ẹja fún mi láti bí ọdún mẹ́ta. Mọ́kànlá péré ni mo rí tọ́ka sí. Ìyókù ò mú ẹja kankan. Èmi tí mo rà wọ́n ni wọ́n mú.

Ó di ọdún 22 báyìí tí mo ti ń fi ìjẹ ẹ̀tàn pẹja, nínú odò, nínú adágún, létí òkun. Ìbéèrè tí àwọn àbúrò ń bi mí jù ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, àwọ̀ wo ló dáa?" Ó ti sú mi láti máa dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ni mo ṣe ní kí n gbé e síbí ká jọ jà sí i.

Èmi ò fi àwọ̀ ṣáájú. Ibi tí ìjẹ rẹ wà nínú omi, bóyá lókè ni, láàárín ni, àbí nísàlẹ̀, ìyẹn ni mo kọ́kọ́ ń wò. Lẹ́yìn náà, bó ṣe ń yára tàbí bó ṣe ń falẹ̀. Lẹ́yìn náà, bó ṣe ń mi ara. Àwọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rọ́ bọ̀ lẹ́yìn gbogbo wọn ni. Ẹja tó fara pamọ́ sí mítà mẹ́rin nísàlẹ̀ kò ní gòkè wá torí kó lè yẹ àwọ̀ tí o fẹ́ràn wò.

Irinṣẹ́ mi ò pọ̀. Ọ̀pá kan tó gùn ní mítà 2.1, tí wọ́n kọ 7–28 g sí lára, ìyẹn ìwúwo ìjẹ tó lè jù. Rííìlì, ẹ̀rọ tó ń ká okùn, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 2500. Okùn braid, ìyẹn okùn híhun, 0.13 mm, pẹ̀lú okùn iwájú tí a so ìjẹ mọ́, fluorocarbon (okùn kan tó jọ náílọ́nù) 0.30 mm tó gùn tó mítà kan. Ọ̀pá náà jẹ́ irú èyí tí orí rẹ̀ nìkan ń tẹ̀, tí ìdí rẹ̀ sì le. Ìyẹn ló ń jẹ́ kí n mọ̀ nígbà tí ìjẹ rọ́bà bá kan ilẹ̀, àti nígbà tí ẹja bá kàn fi ètè kàn án lásán. Nọ́ńbà giramu tí wọ́n kọ sára ọ̀pá kì í ṣe ọ̀ṣọ́ o. Òjé àti rọ́bà papọ̀ ni kí ẹ wọ̀n. Bí ìjẹ bá fúyẹ́ jù, ọ̀pá ò ní tẹ̀, ìjẹ ò ní lọ jìnnà. Bó bá wúwo jù, lọ́jọ́ kan ṣáá ẹ ó gbọ́ "kàù".

Nínú àpótí: ìwọ̀ olórí òjé ti 5 g, 7 g àti 10 g pẹ̀lú rọ́bà tí ìrù rẹ̀ ń jù, ìjẹ ṣíbí kan, spinner kan tí abẹ irin rẹ̀ ń yí nínú omi, ìjẹ líle aláhọ́n méjì, ọ̀kan ahọ́n kúkúrú tí kì í rì jìnnà, ọ̀kan ahọ́n gígùn tó ń wọ ìsàlẹ̀ lọ, àti ìjẹ ojú omi kan. Ó tán.

Bí mo bá ju olórí òjé, mo máa ń kà bó ṣe ń rì. Mo ń kà, mo ń wo okùn. Bí mo bá kà dé mẹ́jọ kí okùn tó dẹ̀, mo ti mọ ibi tí ilẹ̀ wà. Ní jíjù kejì, mo kà dé méje, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká a bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò sí ẹja? Mo kà dé márùn-ún. Kò sí síbẹ̀? Mẹ́ta. Nígbà tí ọ̀kan bá gbé e, mo ti mọ nọ́ńbà ilé rẹ̀. Nọ́ńbà yẹn ni mo ń lò títí wọ́n á fi ṣíwọ́.

Ó yá, ẹ wá bá mi jà.

AláàyèNìjẹ

Ọ̀rẹ́ mi, gbogbo wàhálà yìí! Fi ekòló sẹ́nu ìwọ̀, jókòó, kí o sinmi. Ẹja mọ ekòló, ekòló mọ ẹja. Kí ló máa mú ẹran tó lórí pípé jẹ rọ́bà?

Ìwọ̀Tuntun

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Oṣù méjì péré ni mo bẹ̀rẹ̀, gbogbo ohun tí ẹ kọ yìí ni mo fẹ́ dákọ. Ṣùgbọ́n mo ní ìṣòro. Bí mo bá ju olórí òjé mẹ́wàá, méjì á há sísàlẹ̀, mo sì máa ń já wọn dànù. Okùn braid tí mo rà náà so mọ́ra wọn bí òwú tí ológbò fi ṣeré, mo ti padà sí náílọ́nù. Ẹ̀yin tún ní kí n ká a díẹ̀díẹ̀. Báwo ni díẹ̀díẹ̀ yẹn ṣe rí gan-an?

Kòkánjú

Jẹ́ kí n dá Aláàyè lóhùn kíákíá. Ní ọdún 1936, ọmọ Finland kan tó ń jẹ́ Lauri Rapala, apẹja bíi tìẹ, ṣàkíyèsí ohun kan. Ó ń rí i tí ẹja ńlá ń já wọ àárín agbo ẹja kéékèèké, tí wọ́n á fo ọgọ́rùn-ún tó ń wẹ̀ dáadáa, tí wọ́n á lọ gbé ẹyọ kan tó ń wẹ̀ ṣégeṣège. Ó mú ọ̀bẹ aṣọbàtà, ó gbẹ́ èèpo igi cork bí ẹja, ó fi bébà fàdákà tí wọ́n fi ń wé ṣokoléètì bo ara rẹ̀, ó yọ́ fíìmù fọ́tò lé e lórí kí omi má baà wọ̀ ọ́. Ìjẹ yẹn mú ẹja torí pé ó ń wẹ̀ bí ẹni tí kò gbádùn. Ẹja ò ronú pé "rọ́bà nìyí". Ó rí ẹni tí ara rẹ̀ ò yá, ó sì fẹ́ parí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ekòló dáa. Ṣùgbọ́n ekòló ń dúró de ẹja. Ìjẹ ẹ̀tàn ń lọ wá a kàn nílé. Láàárín wákàtí kan mo lè yẹ etí omi tó gùn tó igba mítà wò.

Ìwọ̀Tuntun, mò ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ rẹ. Díẹ̀díẹ̀ tí mo wí: rííìlì 2500 máa ń ká okùn bíi 70 sí 75 cm wọlé ní yíyí kan. Yí i lẹ́ẹ̀kan, kí o sọ "ọ̀kan" nínú ọkàn rẹ kí o tó yí èkejì. Ó máa dà bíi pé o ń sùn. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kó rí. Ara ẹja kì í ní ooru tirẹ̀, bí omi bá tutù, òun náà á tutù, kò ní fẹ́ sáré lé ohunkóhun. Nínú omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́, o lè yára ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyẹn nìkan kọ́. Má kan máa ká a lọ bẹ́ẹ̀ bí ẹ̀rọ. Ká a lẹ́ẹ̀mẹ́ta, dúró. Jẹ́ kí ó rì. Ká a lẹ́ẹ̀mejì, dúró. Ní ìdúró yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ ẹja ń gbé e. Ẹja á ti máa tẹ̀ lé e láti ọ̀nà jíjìn, á máa rò ó. Nígbà tí ohun tó ń sá níwájú rẹ̀ bá ṣàdédé dúró, ó di dandan kó pinnu. Ní ti olórí òjé, bó ṣe ń rì lọ ni wọ́n ń gbé e, nígbà tí ọwọ́ rẹ ò gbọ́ nǹkan kan. Nítorí náà ojú ni kí o fi gbọ́ ọ. Wo okùn níbi tó ti wọ omi. Bó bá fò díẹ̀, bó bá yà sí ẹ̀gbẹ́, bó bá dẹ̀ nígbà tí o ṣì ń kà mẹ́rin tí o sì mọ̀ pé ilẹ̀ wà ní mẹ́jọ, fà á. Má ronú. Fà á.

Ọ̀rọ̀ okùn, Dókítà mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Mo mọ̀ pé ó ń ka ibí yìí.

Dókítà_Okùn

Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n, mo wà níbí.

Ìwọ̀Tuntun, náílọ́nù tí o padà sí kò burú rárá. Ohun tó yẹ kí o mọ̀ ni pé ó ń nà: ó lè nà tó ìdá 20 nínú 100, nígbà míì ó tilẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó tó já. Fojú inú wo 30 mítà okùn níta. Ẹja fọwọ́ kan ìjẹ, okùn ló kọ́kọ́ gba ìròyìn náà, ó gbé e mì, díẹ̀ ló kù tó dé ọwọ́ rẹ. Braid kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ nà. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń lo olórí òjé kò fi lè fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n fún ìjẹ aláhọ́n tó ní ìwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta, nínà yẹn wúlò. Ẹja ń mi orí, okùn ń bá a mì, ìwọ̀ kì í tètè bọ́.

Bó ṣe so mọ́ra wọn, mo lè fẹ̀jẹ̀ ara mi búra pé ohun mẹ́ta lo ṣe. O kún sípúùlù rẹ, ibi tí okùn ń ká mọ́, dé etí; fi bíi 2 mm sílẹ̀. O ń yí ọwọ́ rííìlì láti pa apá wáyà, èyí tí a ṣí kí okùn lè jáde, dé lẹ́yìn jíjù. Ọwọ́ ni kí o fi pa á dé, kí o fi ìka fa okùn kó le díẹ̀ kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í ká. Ẹ̀kẹta, ìjẹ tí kò tó 7 g lo ń jù pẹ̀lú ọ̀pá tí wọ́n kọ 7 g sí, okùn ń dẹ̀ wọlé. Kí n má gbàgbé: má so braid mọ́ irin sípúùlù ní tààrà, ó máa ń yọ̀ níbẹ̀ tí gbogbo rẹ̀ á máa yí lódindi. Kọ́kọ́ ká náílọ́nù mítà díẹ̀ síbẹ̀, kí o so braid mọ́ ọn.

Ní ti fluorocarbon, wọ́n máa ń sọ pé ẹja kì í rí i. Bí omi ṣe ń tẹ ìmọ́lẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 1.33, ti fluorocarbon jẹ́ 1.42, náílọ́nù lé ní 1.5. Ó sún mọ́ omi jù náílọ́nù lọ, òótọ́ ni, àmọ́ kò parẹ́. Èmi ń lò ó torí pé ó le, àpáta kì í tètè ha á já, ó sì ń rì. Braid ń léfòó.

Kókó tí mo fi ń so braid àti fluorocarbon pọ̀ ni èyí tí wọ́n ń pè ní FG. Bí ó bá ṣòro fún ọ, uni méjì tó dojú kọra máa ṣiṣẹ́. Lẹ́nu ìjẹ, Palomar. Èyíkéyìí tí o bá ta, fi itọ́ tàbí omi rin ín kí o tó fà á pa, torí ooru fífà máa ń jó okùn inú kókó láìjẹ́ pé o rí i.

Ìwọ̀Tuntun

Ẹ̀gbọ́n Dókítà, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo ṣe. Ẹ dákun, ta ló sọ fún yín?

Dókítà_Okùn

Èmi náà ṣe é rí.

Ìyá_Ìbejì_Odò

Ẹ̀gbọ́n Kòkánjú, ẹ káàárọ̀ o. Mo bá yín lọ nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àwọ̀ yìí, mi ò lè gbà á lódindi. Èmi àti ẹnìkejì mi wà nínú ọkọ̀ ojú omi kan náà, ìrọ̀lẹ́ ni, ilẹ̀ ti ń ṣú lọ. Olórí òjé 7 g ni àwa méjèèjì ń lò, rọ́bà kan náà, ìwọ̀n kan náà, à ń kà pa pọ̀ bí àwọn ọmọ iléèwé. Funfun ni tirẹ̀, dúdú ni tèmi. Mo mú ẹja márùn-ún. Òun ò mú ẹyọ kan. Ó gbà dúdú lọ́wọ́ mi, ó jù ú lẹ́ẹ̀kejì, ó mú. Ẹ ṣàlàyé ìyẹn fún mi.

Kòkánjú

Ìyá Ìbejì, ẹ mú mi. Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n tún ọ̀rọ̀ mi sọ. Ohun tó mú ẹja yín kì í ṣe dúdú nítorí dúdú. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, ẹja wà nísàlẹ̀, ó ń wo òkè, sánmà ṣì ní ìmọ́lẹ̀ díẹ̀. Dúdú níwájú sánmà yẹn, kedere ni. Funfun níwájú sánmà funfun, ó pòórá. Mo gbà pé ìyàtọ̀ láàárín ìjẹ àti ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ṣe pàtàkì. Ohun tí mi ò gbà ni irú àwọ̀ ewé pẹ̀lú ìlà wúrà pẹ̀lú ojú pupa, èyí tí wọ́n ń tà bíi pé ẹja ti fọwọ́ sí i.

Dúdú àti funfun. Ó dáa, àti àwọ̀ fàdákà kan fún omi mímọ́. Mo ti fi kún un. Mẹ́ta.

Dókítà_Okùn

Ẹ jẹ́ kí n bu díẹ̀ sí i. Nínú omi tó mọ́, àwọ̀ pupa ni omi kọ́kọ́ ń gbé mì. Láàárín mítà díẹ̀ péré, ìjẹ pupa ti ń dà bí èérú dúdú. Nínú omi tó ti pọ́n nítorí ewé àti ẹrẹ̀, ó yí padà, búlúù ni ó ń tètè kú, pupa àti ọsàn ń pẹ́ díẹ̀ sí i. Nítorí náà àwọ̀ tí ẹ rí lọ́wọ́ yín kọ́ ni ẹja ń rí. Bí omi bá wá dọ̀tí gan-an, ojú kọ́ ni wọ́n ń fi ṣọdẹ mọ́. Ìlà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara ẹja láti ẹ̀yìn orí dé ìrù, òun ni wọ́n fi ń mọ̀ bí omi ṣe ń mì láyìíká wọn. Nínú irú omi bẹ́ẹ̀, spinner tàbí rọ́bà onírù ńlá dáa ju gbogbo ọ̀dà tó wà láyé lọ.

Àtàǹpàkò

Ẹ̀yin àgbà, gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ rííìlì alápá wáyà bíi pé kò sí òmíràn. Èmi ò lè fi rííìlì onílù mi sílẹ̀, èyí tó ń jókòó sórí ọ̀pá, tí èèyàn ń fi àtàǹpàkò darí. Bí ìjẹ bá ti ju 15 g lọ, kò sí ohun tó dà bí i. Mo lè gbé ìjẹ sí abẹ́ ẹ̀ka igi kan láìjẹ́ kí omi fọ́n.

Kòkánjú

Àtàǹpàkò, òótọ́ ni, mi ò sì fẹ́ purọ́: mi ò mọ̀ ọ́n lò dáadáa. Lọ́dún tí mo rà á, mo lo àkókò púpọ̀ lórí títú okùn ju lórí ẹja lọ. Sípúùlù ń yí ju bí ìjẹ ṣe ń lọ, okùn á dìde, á di ìtẹ́ ẹyẹ. Báwo lo ṣe kọ́ ọ?

Àtàǹpàkò

Ẹ tún bíréèkì jíjù rẹ̀ ṣe kí ẹ tó jù. Ẹ gbé ọ̀pá sókè, ẹ tẹ bọ́tìnnì, ìjẹ yẹ kó máa sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bó bá sì kan ilẹ̀, kí sípúùlù dúró. Bó bá ń yí lọ, ẹ fún un le sí i. Kí àtàǹpàkò yín sì tẹ okùn kí ìjẹ tó kan omi, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Mo fi náílọ́nù kọ́ ọ ní pápá, mo so òjé láìsí ìwọ̀. Àwọn èèyàn ń wò mí bí wèrè.

Fún ìjẹ 5 g, ẹ dúró sí tiyín. Ó ti fúyẹ́ jù fún tèmi.

Ìwọ̀Tuntun

Ẹ̀gbọ́n Kòkánjú, ẹ ò tíì dá mi lóhùn lórí èyí tó ń há. Ẹ jọ̀ọ́, bíréèkì tó wà lórí rííìlì náà, èyí tó ń jẹ́ kí okùn tú jáde bí ẹja bá fà á, báwo ló ṣe yẹ kó le tó?

Kòkánjú

Má bínú, àbúrò. Ìbéèrè méjèèjì yẹn jẹ́ ọ̀kan náà lọ́wọ́ mi, wà á rí ìdí rẹ̀.

Èyí tó ń há: ìdí àkọ́kọ́ ni pé òjé rẹ wúwo jù. Bó bá ṣubú bí òkúta, kò ní sí àyè fún ọ láti gbé e. Lo 5 g níbi tí o ti ń lo 10 g. Bó bá ti kan ilẹ̀, gbé orí ọ̀pá sókè lójú ẹsẹ̀, má jẹ́ kó sùn síbẹ̀. Níbi tí igi àti koríko omi bá pọ̀, yọ olórí òjé kúrò, lo òjé tó ní ihò tí okùn ń gba inú rẹ̀ kọjá, kí o fi ẹnu ìwọ̀ pamọ́ sínú rọ́bà. Bó bá há náà, má fi ọ̀pá fà á. Jẹ́ kí okùn le díẹ̀, fi ìka fà á bí ọfà, kí o jọ̀wọ́ rẹ̀ lójijì. Ìjẹ á fò sẹ́yìn. Ó ń ṣiṣẹ́ ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Bó bá kọ̀, na ọ̀pá sí i tààrà, wé okùn mọ́ igi kan, kí o fà. Mo sọ pé igi. Má wé braid mọ́ ọwọ́ láé, ó ń gé bí abẹ.

Ìgbà míì wà tí èèyàn á fẹ́ fún bíréèkì rẹ̀ le pátápátá kó lè fà á já. Ibẹ̀ ni mo ti jìyà.

Ọdún kẹfà tí mo bẹ̀rẹ̀ ni. Àárọ̀ kùtù, omi dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ìjẹ mi há, mo fún bíréèkì dé òpin, mo fà, ó bọ́. Inú mi dùn pé mo rí ìjẹ mi gbà padà. Jíjù kejì, mo kà dé mẹ́ta, nǹkan kan gbá a bí ilẹ̀kùn tí wọ́n fi agbára tì. Ọ̀pá tẹ̀ dé ìdí. Rííìlì ò fún un ní okùn kankan, torí pé mi ò tíì dá bíréèkì padà. Mo rí ẹ̀yìn rẹ̀ nígbà tó yí padà lójú omi, ó gbòòrò bí àtẹ́lẹwọ́ méjì tí wọ́n tẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ fúyẹ́. Okùn ò já. Kókó ò tú. Ìwọ̀ ló nà, ó tọ́ bí abẹ́rẹ́. Mo ṣì ní ìwọ̀ yẹn, ó wà nínú dúrọ́ọ̀.

Nítorí náà, bíréèkì rẹ: ìdá kan nínú mẹ́rin agbára ibi tí kò lágbára jù nínú okùn rẹ, tàbí ìdá kan nínú mẹ́ta bó bá pọ̀ jù. Okùn iwájú tó ń já ní 8 kg, kí rííìlì bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn ní 2 kg tàbí kó fi díẹ̀ lé. Má fi ọwọ́ díwọ̀n rẹ̀, ọwọ́ ń purọ́. So okùn mọ́ ìwọ̀n ìgbékọ́, fi ọ̀pá fà á, kí o wò ó. Nígbà tí o bá dé ilé, tú bíréèkì sílẹ̀ kí àwọn àwo inú rẹ̀ má baà fún pọ̀. Lójoojúmọ́ tí o bá jáde, kí o tún un díwọ̀n. Àti lẹ́yìn gbogbo ìgbà tí ìjẹ bá há. Mo ń sọ ọ́ fún ara mi náà.

AláàyèNìjẹ

Ẹ̀yìn tó gbòòrò bí àtẹ́lẹwọ́ méjì. Ẹja tó bá bọ́ náà ló ń dàgbà sí i lọ́dọọdún, àbí?

Kòkánjú

Nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ ọ́, àtẹ́lẹwọ́ kan àbọ̀ ni. Jọ̀ọ́, fi mí sílẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_Odò

Ìwọ̀ tó nà yẹn, ṣé ẹlẹ́nu mẹ́ta ni? Mo bi yín torí pé mo ti yọ gbogbo ìwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta kúrò lára ìjẹ líle mi. Ẹlẹ́nu kan tó nípọn ni mo fi rọ́pò wọn, mo sì fi púláyà tẹ ẹ̀gún rẹ̀ pa. Lẹ́yìn tí ọ̀kan wọ àtàǹpàkò mi, ẹja ṣì wà lára ìwọ̀ kejì tó ń jà, mo pinnu. Ẹ̀yin tí ẹ ò tíì rí irú ẹ̀, ẹ máa dúpẹ́.

Wọ́n ní ẹja púpọ̀ máa bọ́. Díẹ̀ ni mo rí kó bọ́, bí okùn bá ṣáà ti le nígbà gbogbo. Àwọn tí mo bá fẹ́ dá padà sómi sì ń lọ láìfarapa púpọ̀: mo rin ọwọ́, mo fi púláyà yí ìwọ̀ jáde nínú omi, ó ti lọ. Ohun kan ni kí ẹ mọ̀: ìwọ̀n ìwọ̀ ń darí bí ìjẹ ṣe ń wẹ̀. Bí ẹ bá pààrọ̀ rẹ̀, ẹ wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ yín kí ẹ tó jù ú. Bí ìjẹ bá ń yà sí ọ̀tún, ẹ fi púláyà tẹ ojú òrùka tí ẹ so okùn mọ́ sí òsì, díẹ̀ kínún. Bó bá ń yà sí òsì, ẹ tẹ̀ ẹ́ sí ọ̀tún.

Ẹ fi gíláàsì bojú, ẹ jọ̀ọ́. Ìjẹ tó bá bọ́ lẹ́nu ẹja ń padà bọ̀ wá bí ọta ìbọn.

Kòkánjú

Ẹlẹ́nu mẹ́ta ni, tó tín-ín-rín. Mo ti ń pààrọ̀ tèmi náà, mo ti ṣe ìdajì. Lórí ìjẹ ojú omi nìkan ni ọkàn mi ò tíì balẹ̀, torí ẹja máa ń tàsé rẹ̀ púpọ̀.

Níwọ̀n bí a ti dárúkọ ìjẹ ojú omi: ojú ló ń pa èèyàn níbẹ̀. Omi á fọ́, ọkàn á fò, èèyàn á fà, ìjẹ á fò wá sójú rẹ̀ láìsí ẹja. Ẹ jẹ́ kí omi fọ́. Ẹ dúró títí ẹ ó fi gbọ́ ìwúwo rẹ̀ lọ́wọ́ kí ẹ tó fà. Mo mọ̀ pé ó rọrùn láti sọ. Èmi máa ń wo igi òdìkejì odò nígbà tí mo bá ń lò ó kí n má baà rí i.

Àtàǹpàkò

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń pẹja eléyín mímú bíi tigerfish, pike àti barracuda, ẹ má tẹ̀ lé ìmọ̀ràn fluorocarbon 0.30 yẹn o. Wáyà, 20 sí 30 cm. Ẹ̀ẹ̀kan ni eyín wọn ń kan okùn.

Kòkánjú

Ó ṣeun, mo gbàgbé rẹ̀ pátápátá.

Ìwọ̀Tuntun

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, mo ti dé láti ibi omi. Mo ní kí n ròyìn.

Olórí òjé 5 g, rọ́bà funfun, torí òun nìkan ni mo ní. Ilẹ̀ wà ní mẹ́fà. Mo kà dé márùn-ún fún bíi ogún jíjù, kò sí nǹkan kan. Mo kà dé mẹ́rin, mo ká a lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo dúró, okùn yà sí òsì. Mo dúró wò ó bí òpè. Ó yà sí i. Ni mo wá rántí "má ronú", mo fà. Ó wà níbẹ̀! Kò tóbi, kò ju ìgbọ̀nwọ́ mi dé ọrùn ọwọ́ lọ. Mo fi ọ̀pá gbé e sókè létí omi, ó bọ́ lójú mi. Lẹ́yìn rẹ̀ mo mú méjì ní mẹ́rin kan náà, mo fi àwọ̀n gbé àwọn yẹn. Ìjẹ kan péré ló há, mo fi ọ̀nà ọfà yẹn gbà á.

Mo fi ìwọ̀n díwọ̀n bíréèkì lẹ́ẹ̀mejì.

Ìyá_Ìbejì_Odò

Ó káre, ọmọ mi. Ọ̀pá kì í ṣe ohun ìgbẹ́ja sókè. O ti mọ̀ báyìí. Wà á tún un so kí o tó padà lọ: gé okùn iwájú díẹ̀ kúrò, fi ìka yẹ ibi tó ti ha wò, ta kókó tuntun.

AláàyèNìjẹ

Ẹja mẹ́ta ní àárọ̀ kan, ọmọ oṣù méjì. Ó dáa, mo gbọ́.

Kòkánjú, mo ní ìbéèrè kan, kí ẹnikẹ́ni má rẹ́rìn-ín. Olórí òjé 5 g yẹn, tí mo bá yọ rọ́bà kúrò lára rẹ̀ tí mo fi ekòló gidi sí i, ṣé èèyàn lè máa kà á bẹ́ẹ̀?

Kòkánjú

Ó ṣeé ṣe. Mo ti ṣe é rí. Gun orí ekòló nìkan mọ́ ìwọ̀, jẹ́ kí ìrù rẹ̀ máa jù. Jù ú díẹ̀díẹ̀ kí ó má baà já, kí o sì bẹ̀rẹ̀ láti mẹ́rin.